Ẹ má pín àìsàn ọmọ kan sí mẹ́ta: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ìyá ọmọkùnrin, ẹ má tọ́jú àìsàn ọmọ yín ní ẹyọ-ẹyọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ti ọmọ tèmi n'Ìbàdàn níbí, kí a tó mọ̀ pé àìsàn kan ṣoṣo, Wiskott-Aldrich, ni gbogbo rẹ̀. Ara ń yún un, wọ́n fún un ní ìpara. Etí ń ṣọyún, wọ́n fún un ní oògùn etí. Nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún un tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, àwọn ará ilé l'Ójé ní ọwọ́ olóólà ló le. Àmì pupa wínníwínní tún yọ sí i lẹ́sẹ̀, ìyá ọkọ mi ní ẹ̀fọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ irú àmì bẹ́ẹ̀ wò: bí kò bá pòórá lábẹ́ ìka, ẹ̀jẹ̀ ló ń jò sábẹ́ awọ, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù.

Dókítà tó já a, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé. Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ MPV, ìyẹn ìwọ̀n bí pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó. Pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ò pọ̀, èyí tó wà náà tún rí kín-ín-kín-ín. Ló bá bi mí pé, "Màmá, ṣé ọkùnrin kankan kú ní kékeré nílé ìyá yín?"

Jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ló bàjẹ́ tó fa àìsàn náà; WAS lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n rí i, àmọ́ láti 1937 ni dókítà Wiskott ti kọ̀wé ní Jámánì nípa ọmọkùnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan, tí àìsàn yìí mú, tí kò mú àwọn obìnrin ilé wọn. Pùròtéènì tó ń tinú jíìnì yìí wá ló ń darí bí okùn actin ṣe ń yọ ẹ̀ka nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Actin dà bí irin inú kọ́ńkéré, àfi pé òun kì í dúró sójú kan: òun ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń gbógun ti àìsàn, fi ń na ara lé kòkòrò. Bí WAS bá bàjẹ́, kòkòrò á ráyè, pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì á kéré.

Àna mi kan ní àwọn ará ilé wa ló ń ṣe é. Ó tilẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbà á! Orí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé jíìnì, ni jíìnì náà wà, ọ̀dọ̀ ìyá sì lọmọkùnrin ti ń gba X. Ìyá tó gbé e lè má ní àmì kankan, síbẹ̀ ìdajì-ìdajì ni fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ béèrè nípa pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, ó lè wò ó sàn pátápátá, pàápàá bí ti ọmọ ìyá rẹ̀ bá bá a mu. Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó gba àjẹsára tó ní kòkòrò alààyè. Bí ibà bá mú un, ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì pé ẹ ò fẹ́ aspirin, ẹ ò fẹ́ ibuprofen. Méjèèjì ń dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń ya.