Ọlọ́pàá tì í mọ́lé: ẹ ka wákàtí kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀ bélì

Bélì làwọn èèyàn máa ń sá bá, wákàtí ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un láàárín wákàtí 24, lédè tó gbọ́. Bí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi tí kọ́ọ̀tù bá gbà pé ó tọ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ìdájọ́ ikú yàtọ̀.) Láàárín ìgboro Ìbàdàn, ta ló jìnnà sí kọ́ọ̀tù tó 40 kìlómítà?

Bí ọlọ́pàá bá kọjá àkókò yìí, ó di ilé-ẹjọ́ gíga, lábẹ́ abala 46 ìwé òfin kan náà. Ìlànà ọdún 2009 tó wà fún pípẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò ní kẹ́ẹ gbàyè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù kẹ́ẹ tó pẹjọ́. Ẹ kó àlàyé ohun tẹ́ ẹ ń béèrè àti ìdí rẹ̀, ìwé ìbúra, àti àròyé lọ́yà lákọsílẹ̀ pọ̀. Ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n lè bá ẹni tó wà látìmọ́lé búra, kó ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé onítọ̀hún kò lè búra fúnra rẹ̀.

Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni kí wọ́n da ìjà ilẹ̀ tàbí gbèsè mọ́ ọn. Bí ẹ̀tọ́ kì í bá ṣe olórí ohun tẹ́ ẹ ń béèrè, kọ́ọ̀tù á wọ́gi lé e. Abala 35(6) fàyè gba owó gbà-má-bínú àti títọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹ béèrè méjèèjì.