Iṣẹ́ àná ni ká fi díye lé ti òní, ṣùgbọ́n wákàtí ni ká wò

Bí oníbàárà bá béèrè pé èló ni sọ́fúwíà òun máa jẹ, ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí iṣẹ́ kan tó jọ ọ́, a ó gbé iye ìjọ́sí, a ó sì fi díẹ̀ lé e. Fífi iṣẹ́ wé iṣẹ́ kò burú rárá. Owó tí a fi ń wéra gan-an ló ń dà á rú, torí owó tí ẹ gbà nígbà yẹn ti gba ìdúnàádúrà kọjá. Wákàtí tí iṣẹ́ àtijọ́ gbà lẹ kọ́kọ́ máa wá jáde: ti kóòdù, ti àyẹ̀wò, ti kíkó dátà àtijọ́ wọlé, ti àtúnṣe lẹ́yìn tí oníbàárà ti gba iṣẹ́, títí kan àìsùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ bá máa fi wé wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ lè kà lónìí. Iye ìlà kóòdù kò sí lára wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kí iṣẹ́ tó parí. Iye screen, ìyẹn ojú ewé tí ẹni tó ń lo sọ́fúwíà náà máa rí, dára. Iye ètò mìíràn tó máa so mọ́, ìyẹn ìsopọ̀, náà dára.

Ẹ jẹ́ ká ní iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ní screen 20 àti ìsopọ̀ 2, ó gba wákàtí 900. Ìkejì: screen 30, ìsopọ̀ 4, wákàtí 1,500. Ìkẹta: screen 60, ìsopọ̀ 12, wákàtí 4,200. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní screen 26 àti ìsopọ̀ 4.

Bí ẹ bá kàn ń yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà, screen á bo ìsopọ̀ mọ́lẹ̀, torí òun ló máa ń pọ̀ jù. Láti screen 20 dé 60 jẹ́ 40. Láti ìsopọ̀ 2 dé 12 jẹ́ 10. Ẹ fi 40 pín ìyàtọ̀ screen tó wà láàárín iṣẹ́ tuntun àti ti àtijọ́, ẹ fi 10 pín ti ìsopọ̀. Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rí 0.15 àti 0.2. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ wá square root rẹ̀: 0.25 nìyẹn, òun ni bí ó ṣe jìnnà sí iṣẹ́ tuntun tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe sún mọ́ ọn tó. Ti ìkejì jẹ́ 0.1. Ìkẹta lé ní 1.1, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku kí ẹ tún wákàtí ṣe bí ìtóbi. 900 tí a fi 20 pín, tí a sì sọ di ìlọ́po 26, jẹ́ 1,170. Ìkejì, lọ́nà kan náà, jẹ́ 1,300. Ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,235, àmọ́ èmi a máa fún èyí tó sún mọ́ jù ní agbára jù.

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò nìyí: ẹ fọwọ́ bo wákàtí iṣẹ́ àtijọ́ kan, kí ẹ fi èyí tó sún mọ́ ọn jù díye lé e. Àkọ́kọ́ sọ pé 1,350 ni ìkejì. Ó fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ìkejì sọ pé 1,000 ni àkọ́kọ́. Ó fi bí ìdá 11 lé. Ìkejì wá sọ pé 3,000 ni ìkẹta, nígbà tó jẹ́ 4,200! Iṣẹ́ ńlá kì í ṣe iṣẹ́ kékeré lọ́nà méjì. Nínú COCOMO, ìlànà ìṣirò fún dídíye lé iṣẹ́ sọ́fúwíà tí Barry Boehm gbé jáde ní 1981, agbára (exponent) tí wọ́n gbé ìtóbi sí bẹ̀rẹ̀ láti 1.05 dé 1.20, ìyẹn ni pé bí ìtóbi bá di ìlọ́po méjì, làálàá á di nǹkan bí ìlọ́po 2.07 sí 2.30. Ìyẹn nìkan kò tíì gbé wa dé 4,200. Ìsopọ̀ 12 ló ṣeé ṣe kó jẹ èyí tó pọ̀ nínú ìyókù.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ iye, ẹ sọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó lè dé. Àṣìṣe bí ìdá 11 lórí 1,235 jẹ́ 1,100 sí 1,370, àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kéré láti gbára lé, ẹ fẹ òkè rẹ̀ sí i. Bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá ti lọ, tàbí irinṣẹ́ tuntun lẹ fẹ́ lò, ẹ tún fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn èyí lẹ ó tó sọ wákàtí di owó, ní iye tí wákàtí kan ń ná yín lónìí, kí ẹ tó fi owó server àti láísẹ́ńsì kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ tuntun bá parí, ẹ kọ wákàtí rẹ̀ tòótọ́ sínú Excel tí ẹ kọ ti àwọn iṣẹ́ àtijọ́ sí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ kọ́kọ́ sọ.