Ṣúgà ọmọ mi já lóru

Aago mẹ́ta òru ku díẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ń mì, mo rò pé àlá lọmọ mi tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lá, àfìgbà tí mo fọwọ́ kàn án, òógùn ti mú kí aṣọ ẹ̀ tutù rinrin, mo ń pè é, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo gún un lọ́mọ ìka, mita tá a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbé 41 mg/dL wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo mita, ẹ mọ̀ pé tó bá ti wọ abẹ́ 70 èèyàn ò gbọ́dọ̀ jókòó mọ́, abẹ́ 54 wá burú gan-an.

Ó ṣì lè gbé nǹkan mì, alhamdulillah. Mo po ṣúgà sómi, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú 15, mo tún gún un lọ́mọ ìka. Ká ní ó ti dákú ni, tàbí gíri ti gbé e, mi ò ní fi nǹkan kan sí i lẹ́nu o, ọsibítù ni, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́ ni mo wá ń ro ohun tó fà á. Lọ́jọ́ yẹn, tó dé láti ilé kéwú, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Gáà Akánbí níbí títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Mo gún un ní ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń já ṣúgà wálẹ̀, èyí tó yẹ fún tùwó odindi abọ́, oorun wá ń kùn ún, kò jẹ ju ààbọ̀ lọ. Itan ni mo sì gún, itan tó fi sáré! Dókítà ní ibi téèyàn bá fi ṣiṣẹ́ máa ń tètè fa ínsúlínì, àti pé lẹ́yìn eré, ẹran ara á ṣì máa fa ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ títí wọ òru. Ó tún bi mí bóyá ó ti já bẹ́ẹ̀ rí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ẹni tó bá ti já rí lè tún já, tó bá sì ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ara ò ní máa gbọ̀n mọ́ láti kìlọ̀. Ti àwọn ọmọ kéékèèké ló wá le jù, wọn ò lè sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n.

Súìtì tí mo máa ń fi sápò ẹ̀ ńkọ́? Màmá kan ládùúgbò ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó o ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?" Mi ò bá wọn jà, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo lọ bá wọn ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ ló ń já ṣúgà náà wálẹ̀, súìtì ló ń gbé e padà.

Ààwẹ̀ ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó fẹ́ gbààwẹ̀ bíi tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kó jí jẹ sààrì pẹ̀lú wa. Mo ní Ọlọ́run ti yọ aláìsàn sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún.

Ní báyìí, tó bá gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń gún un lọ́mọ ìka kó tó sùn, tí ṣúgà ẹ̀ kò bá pọ̀ tó, á jẹ bísíkíìtì. Àná ló bi mí, "Ummi, ṣé mo lè mú méjì?"