Búláòsì Àbúrò Mi: Èjìká Òsì Ṣì Ń Fà

Aṣọ ìdánwò, èyí tí mo kọ́kọ́ rán láti fi yẹ ìwọ̀n búláòsì wò kí n tó gé aṣọ gan-an, ti dé ara àbúrò mi. Àyà jókòó, ìbàdí jókòó, dáàtì méjèèjì (ibi tí a ṣẹ́ aṣọ po tí a sì rán an kí ó lè bá ara mu) sì tọ́ka síbi tó yẹ. Íǹṣì 3 tí mo fi kún ìwọ̀n àyà fún àyè tó, nítorí ó lè mí dáadáa, ó sì lè na ọwọ́ síwájú láìsí pé ẹ̀yìn aṣọ ń fún un. Gígùn apá aṣọ náà ti parí. Mo tẹ ìgúnpá rẹ̀ díẹ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n, torí pé apá tí a bá wọ̀n ní nínà gbọnrangandan máa ń kúrú lọ́jọ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fẹ́ gbé nǹkan.

Èyí tí kò tíì parí ni èjìká òsì. Lápá ọ̀tún, aṣọ tẹ́jú láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn dé ṣóńṣó èjìká. Lápá òsì, ìṣẹ́po kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ó sì lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí abíyá. Bí mo bá fi ìka méjì ká aṣọ náà jọ lórí èjìká, ìṣẹ́po náà á parẹ́. Bí mo bá fi í sílẹ̀, á tún yọ. Ẹ mọ̀ pé èjìká tó wálẹ̀ ju ti pátánù (bébà tí a fi ń gé aṣọ) lọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ èjìká tí gbogbo wa máa ń wọ̀n láti ṣóńṣó kan sí èkejì kò fi nǹkan kan hàn, kò sì lè fi í hàn, nítorí pé ìwọ̀n tó gba ẹ̀yìn kọjá kì í sọ èjìká tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọ̀n láti àárín ẹ̀yìn níbi ìbàdí lọ sí ṣóńṣó èjìká kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí ara rẹ̀ ti ká. Ó gbé apá sókè dé ọ̀gangan èjìká, kòtò kékeré hàn níbi tí eegun ti parí, mo sì fi bírò sàmì síbẹ̀. Ọ̀tún jẹ́ íǹṣì 16, òsì jẹ́ 15½.

Èmi kò tètè gba ìyàtọ̀ yẹn gbọ́. Bí rọ́bà bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí bí ẹni tí a ń wọ̀n bá gbé ara lé ẹsẹ̀ kan, irọ́ ni téèpù yóò máa pa. Mo ní kí ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ó máa wo iwájú, mo sì wọ̀n láti ilẹ̀ dé rọ́bà lápá ọ̀tún àti lápá òsì: 39¼ ni méjèèjì. Mo tún gbé téèpù fúnra rẹ̀ lé rúlà irin, nítorí pé íǹṣì 10 rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá sẹ̀ǹtímítà 25.4 mu. Téèpù aṣọ lásán máa ń nà bí ó bá ti pẹ́. Èyí tí wọ́n fi fáíbà sí nínú kì í nà bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ìránṣọ fún mi ṣì ń sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èmi kò gbà.

Ara àbúrò mi ló rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà. Nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ìwọ̀n náà lọ, ìyàtọ̀ gíga èjìká méjèèjì ju ìdajì íǹṣì lọ díẹ̀.

Fóòmù tó ń gbé èjìká aṣọ sókè ni mo fẹ́ fi sí èjìká òsì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí, kí n má bàa fọwọ́ kan pátánù mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fẹ́ fi rán an gan-an fẹ́lẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ lé ọwọ́ mi, mo sì ń rí ìka mi láti òkè. Fóòmù yóò hàn níbẹ̀. Èmi yóò gé ọ̀tún àti òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìṣẹ́ aṣọ po. Lápá òsì, ọrùn yóò dúró síbi tó wà, ṣóńṣó èjìká yóò wálẹ̀ ní ìdajì íǹṣì ó lé díẹ̀, ìsàlẹ̀ ihò apá náà yóò sì wálẹ̀ bákan náà. Bí a bá rẹ èjìká sílẹ̀ tí a kò rẹ abíyá sílẹ̀, ihò apá yóò kéré, aṣọ yóò sì máa há èèyàn lábíyá.

Apá aṣọ ni mo fẹ́ gé lónìí, ó ti di ẹ̀yìn èyí. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi òwú so èjìká tuntun pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi yóò gbé téèpù dúró lórí etí rẹ̀, kí n fi í tọ ihò apá méjèèjì yí ká. Bí wọ́n bá dọ́gba, pátánù kan ṣoṣo ni n ó lò fún apá aṣọ méjèèjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìsàlẹ̀ abíyá òsì ni n ó padà sí.