Ológbò Ni Mò Ń Kí, Dádì

Ìyàwó mi ló mú ológbò wálé, èmi ló sì ń jí láàárọ̀ kùtù. Á wá máa kùn létí mi, igbe tín-ín-rín kan á wà nínú kíkùn náà. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní igbe inú irú kíkùn bẹ́ẹ̀ fara jọ ti ọmọ ọwọ́. Ẹ ò rí i pé ó mọ ibi tó ti ń mú èèyàn! (Láàárín ara wọn, àgbà ológbò kì í sábà ké "mìáò". Àwa ni wọ́n fi ìyẹn ń yọ lẹ́nu.)

Mo bá ní kí n kọ́ èdè rẹ̀. Lọ́dún 2020, àwọn ará Sussex náà tún wà lára àwọn tó gbé e jáde pé téèyàn bá rọra ń ṣẹ́jú sí ológbò, òun náà lè ṣẹ́jú padà, kó tilẹ̀ sún mọ́ni. Mo ṣẹ́jú títí. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ògiri.

Àfi ọjọ́ tí bàbá ìyàwó mi wá. Wọ́n ń gbà mí níyànjú lórí bí a ṣe ń ṣọ́wó ná. Ológbò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn wọn, ó tẹjú mọ́ mi. Mo rọra pajú dé. Mo rọra là á.

"Ọkọ Bọ́lá, ṣé oorun ló ń kùn ọ́ ni?"

"Rárá o, Dádì. Ẹ máa bá a lọ, sà."

Ni ológbò bá pajú tiẹ̀ náà dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N ò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Ó dáhùn!"

"Ta ló dáhùn?"

"Ológbò ni mò ń kí, Dádì."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n tún wò mí. Ó dájú pé wọ́n ń ro ti ọmọ wọn.

Ológbò bẹ́ sílẹ̀, ó na ìrù sókè ṣánṣán, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ṣòkòtò wọn. Ìkíni ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ojú Dádì rọ̀. Ó wá nà gbalaja, ó ṣí ikùn sókè. Ọkàn rẹ̀ ló balẹ̀ o, kò ní kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án! Dádì ti nawọ́.

"Dádì, ẹ rọra…"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Mo ti ń sin ẹran kí wọ́n tó bí ọ."

Ìrù ń lu ilẹ̀, etí lẹ̀ mọ́ orí. Mo ní ó ti ń bínú, wọ́n ní eré ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi gbá ọwọ́ wọn mú.

A fọ ọgbẹ́ tán, Dádì dákẹ́ lọ títí. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Báwo lo ní wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú ọ̀hún?"

Bọ́lá wọlé, ó bá àwa méjèèjì tí à ń pajú, tí à ń là á, sí abẹ́ àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kó sí yín lójú?"

"Dákẹ́," ni Dádì wí, "ó fẹ́ dáhùn."