Ta ló ní ibẹ̀ ni kí wọ́n máa da pàǹtí sí?

Ẹ̀yìn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́tà ni àǹtí mi tó tọ́ mi dàgbà ń gbé, ẹni tó bá mọ Èkó á ti mọ ibi tí mò ń wí, ààtàn ràgàjì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn yẹn. Bí òjò bá rọ̀ tán tí oòrùn wá yọ sí i, òórùn tó máa jáde níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, àǹtí mi á ti pa gbogbo fèrèsé dé láti àárọ̀, àá wá jókòó sínú ooru, ká máa làágùn. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tá ò kó kúrò ńbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kó lọ sí ibo? Owó ilé ibòmíì, ṣé ìwọ lo máa san án?"

Ìgbà tí mo wọ yunifásítì tí mo ń ka sosiọ́lọ́jì ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni àǹtí mi sọ. Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé kí ló kan ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ nínú ọ̀rọ̀ àyíká, ṣebí iṣẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì nìyẹn. Òótọ́ ni, onísáyẹ́ǹsì lè gbé èéfín Olúsosùn lọ sí láàbù kó sọ gbogbo oró tó wà nínú ẹ̀ fún wa. Àmọ́ tó bá di pé kí ló dé tó fi jẹ́ imú àǹtí mi ni èéfín yẹn ń wọ̀ lójoojúmọ́, tí kì í wọ imú àwọn tó ń gbé Ìkòyí, àfi ká lọ wo èèyàn, ká wo owó, ká wo ẹni tó ní agbára àti ẹni tí kò ní.

Houston ni mò ń gbé báyìí, a pọ̀ gan-an níbí àwa ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní 1979, àwọn ará àdúgbò kan tó ń jẹ́ Northwood Manor gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ ààtàn sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, kò sì jìnnà sí ilé ìwé àwọn ọmọ wọn rárá. Dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi, tí wọ́n forí ṣe fọrùn ṣe kí wọ́n tó ra ilé. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Linda McKeever Bullard ni lọ́yà wọn, òun ló wá sọ fún ọkọ ẹ̀, Robert Bullard, tó jẹ́ olùkọ́ sosiọ́lọ́jì ní Texas Southern University, pé kó bá òun wádìí ibi tí gbogbo ààtàn ìlú Houston wà. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn o, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló ń tú ìwé àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n tún ń wa mọ́tò káàkiri ìlú láti lọ fojú ara wọn rí i. Ààtàn ìjọba ìlú tó jẹ́ 5, gbogbo márààrún ló wà ní àdúgbò dúdú. Ibi 8 tí ìjọba ìlú ti ń sun pàǹtí, 6 nínú ẹ̀ wà ní àdúgbò dúdú. Bẹ́ẹ̀, nínú èèyàn 4 tó ń gbé Houston nígbà yẹn, nǹkan bí 1 péré ni dúdú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka nǹkan yìí, mo dìde nídìí tábìlì. Ilé ẹjọ́ ò sì dá wọn láre, wọ́n gbẹ́ ààtàn ọ̀hún. Àmọ́ iṣẹ́ tí Bullard ṣe yẹn wà lára ohun tó bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní environmental justice, ìyẹn ìdájọ́ òdodo lórí ọ̀rọ̀ àyíká.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí, pé ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, ṣé ààtàn ni àbí àwọn tálákà? Àwọn kan á ní ṣebí ààtàn ti wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn ló fúnra wọn lọ kọ́lé tì í nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n. Ní Northwood Manor, ààtàn ló lọ bá èèyàn. Ní Olúsosùn, mo gbà pé ìgbẹ̀yìn ìlú ni nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí síbẹ̀, Èkó ló fẹ̀ débẹ̀ tó sì yí i po. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé èyí tu àwọn tó ni ẹ̀bi sílẹ̀. Àǹtí mi ò yan òórùn, owó ilé tí apá wọn ká ni wọ́n yàn, òórùn ló bá a wá. Nígbà tí Olúsosùn gbiná ní March 2018, tí èéfín bo gbogbo agbègbè yẹn mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń pè wọ́n, ikọ́ ni mò ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá mú ìtàn Houston yìí, tẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ kó gba gbogbo ayé, bó ṣe rí náà nìyẹn. Àwọn àgbà yín á rántí Koko, ìlú tó wà létí omi ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúróòmù oró wá láti Ítálì, wọ́n háyà àgbàlá bàbá kan, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù ni wọ́n ń fún un. Ẹ gbọ́ iye yẹn o! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ̀wé sílé tí àṣírí fi tú ní 1988. Ìjọba ní kí Ítálì wá kó ẹrù ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi Karin B tó kó lára ẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lójú òkun, èbúté kan ò gbà á, èbúté mìíì lé e. Oró tó ti sùn sí àgbàlá èèyàn wa fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn tó ni ín ò fẹ́ rí i nítòsí wọn. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé láé.

Lẹ́yìn Koko ni wọ́n ṣe àdéhùn Basel ní 1989 lórí kíkó ìdọ̀tí olóró láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, àwa ará Áfíríkà náà tún ṣe tiwa ní Bamako ní 1991. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ti Basel ní 1990, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ di òfin lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Ibi tí mò ń gbé nìyẹn.

Kò wá sí pé wọ́n ń kó dúróòmù mọ́, tòkunbọ̀ ló kù. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun la fún àlòkù fíríjì, ẹ̀yin náà ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe dùn tó, ta ló máa fura sí ọmọ tó ti òkè òkun dé? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 sí 71,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná ló ń wọlé lọ́dún kan. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ló jẹ́ pé inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú kó tó débẹ̀. Èyí tó kú yẹn ni àwọn ọmọkùnrin kéékèèké máa tú palẹ̀, wọ́n á sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú ẹ̀ tà, tẹ́ẹ bá ti rí èéfín dúdú tó máa ń jáde níbi tí wọ́n ti ń sun ún, ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ gbogbo èyí.

Ó kàn mí gan-an. Lọ́dún tó kọjá mo ra Sienna kan láti fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń bá wa ṣe ẹrù ní kí n má fi inú ẹ̀ ṣófo, kí n kó ohunkóhun tí mi ò lò mọ́ sí i. Mo kó tẹlifíṣọ̀n méjì àti fíríjì kékeré síta, kí n tó rántí pé kí n kì wọ́n bọ iná wò. Tẹlifíṣọ̀n kan ò tàn. Fíríjì ń dún, kò tutù.

Mo pe àǹtí mi, mo ní ẹ má bínú, fíríjì tí mo sọ pé mò ń gbé bọ̀ fún yín ti bà jẹ́. Wọ́n ní, "Ṣáà gbé e wá jàre, àwọn tó máa tún un ṣe kún Alábà." Mo ní tí wọn ò bá rí i tún ṣe ńkọ́? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣebí Olúsosùn wà níbí."

Fíríjì yẹn ṣì wà nínú gáréèjì mi.