Mi ò ka ara páálí ìbọ̀wọ́ rí

Pupa ni doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ kan, ó pupa bíi sóbò. Pupa yẹn ló là mí lójú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ́jọ́ náà ní Adó-Èkìtì, èmi ni mo po oògùn náà fún aláìsàn jẹjẹrẹ kan. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ṣe ohun gbogbo ní wọ́ọ̀dù ni mo wọ̀. Nígbà tí mo bọ́ ọ, mo rí àmì pupa lẹ́bàá èékánná àtàǹpàkò mi. Mo yí ìbọ̀wọ́ náà síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tó ti ya. Àmọ́ kì í ṣe àmì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́. Cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, ni mo ń rò. Òun mọ́ gaara bí omi, irú ìbọ̀wọ́ kan náà ni mo sì ti fi ń pò ó láti oṣù mélòó kan. Ìgbà mélòó ni oògùn tó lè ṣe ara léṣe yìí ti kàn mí lára tí n kò mọ̀?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àǹtí kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò bá mi wí. Ó ní, "Àbúrò, gbé páálí ìbọ̀wọ́ yẹn wá, ká jọ kà á." Ìwọ̀n ọwọ́ mi nìkan ni mo máa ń wò lára páálí tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó ní kí n máa wá ni ASTM D6978: ìyẹn ló fi hàn pé wọ́n ti fi oògùn jẹjẹrẹ dán ìbọ̀wọ́ náà wò. Bó bá jẹ́ D6319 nìkan ló wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ nitrile (irú rọ́bà kan) tí wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ búlúù ìbọ̀wọ́ tàn yín. Páálí tó dáa tún máa ń to orúkọ oògùn pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń la ìbọ̀wọ́ kọjá. Ẹ wo ti carmustine àti thiotepa dáadáa, àwọn méjèèjì máa ń tètè là á kọjá. Èyí tó bá ní páúdà, ẹ dá a padà. Páúdà lè gba oògùn mọ́ra, kó sì gbé e káàkiri.

Méjì ni mo ń wọ̀ léra báyìí: ti inú wà lábẹ́ ọwọ́ gáùn, ti òde bo orí rẹ̀. Tó bá ti pé ìṣẹ́jú 30, mo ti pààrọ̀ méjèèjì. Bó bá ya tàbí tí oògùn ta sí i, ojú ẹsẹ̀ ni. Ooru ń mú ni nínú ẹ̀, pàápàá tí kò bá síná, síbẹ̀ n kò ní wọ ẹyọ kan. Bí mo bá bọ́ ọ tán, ọṣẹ àti omi ni mo fi ń fọwọ́. Sanitáísà kì í fọ oògùn kúrò.

Àwọn ẹbí aláìsàn ni ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára jù. Aláìsàn á gba oògùn tán, wọ́n á wọ mọ́tò padà sí Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀mùò, ìyàwó tàbí ọmọ á máa fi ọwọ́ lásán da ìtọ̀ àti èébì nù. Oògùn ṣì máa ń wà nínú wọn fún bíi wákàtí 48, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kì í jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo mọ́. Mo máa ń di ìbọ̀wọ́ sínú ọ̀rá fún wọn, mo sì máa ń béèrè ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú nílé, kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.